Ẹnì Kejì Nínú "Ẹ"

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Aago náà dá mi lójú nítorí èmi ni Mọ́mì ní kí n máa wò ó kí a má baà pẹ́. Wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan lórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Òórùn aṣọ gbígbóná tí a bu omi wọ́n gba gbogbo yàrá, ó sì dà pọ̀ mọ́ òórùn ìpara tí Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé ti fi pa orí, ọrùn àti apá títí ara wọn fi ń dán bí ìgò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn áyọ́ọ̀nù lórí aṣọ tútù, inú mi á kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ni àyà mi á wá bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mo mọ̀ pé mo máa ń ṣàlàyé ara mi jù, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti sọ ọ́ fún mi. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìdùnnú yẹn ló ṣáájú.

Ìrẹ̀mọ, ní Ifẹ̀, ni ilé wa wà, agbo ilé àtijọ́ tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn tó sì ṣókùnkùn. Bí ẹ bá ti inú oòrùn wọlé, ẹsẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ fi máa wá ilẹ̀ kí ojú yín tó ríran. Mọ́mì gba yàrá tó kọjú sí títì, wọ́n sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ. Ẹ̀yìn ilé ni kànga wà, àti àwọn pẹ́pẹ́yẹ Ìyá Àgbà, tó di ti gbogbo ilé lẹ́yìn tí Ìyá Àgbà kú. Dúdú ni wọ́n, dúdú tó ń dán, ojú wọn sì pupa bí ojú ẹni tí ata ta sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn pẹ́pẹ́yẹ yìí sọ́kàn, n ó padà sórí wọn.

Ìbejì ni Mọ́mì àti Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ìbejì ṣe rí: Táíwò ló máa ń kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ló rán an pé kó lọ wo bí ayé ṣe rí, nítorí náà Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Mọ́mì mi ni Táíwò tó jáde. Wọ́n wo ayé, wọ́n ké, Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé kò sì tètè dé. Ìyá Àgbà máa ń sọ pé nígbà tí wọ́n dé, wọn kò ké rárá, agbẹ̀bí sì pẹ́ lórí wọn kí èémí tó wọlé. Ibẹ̀ ni ọpọlọ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó rìn, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ilé ìwé gbà wọ́n fún sáà kan péré, ó sì dá wọn padà.

Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè wọ́n ní dìndìnrìn nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì kéré. Mọ́mì kò lè bá gbogbo Ìrẹ̀mọ jà, nítorí náà wọ́n wá ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ẹ" pe ìkejì wọn. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé omi yẹn fún mi. Èrò wọn ni pé bí ẹni tí a bí lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ènìyàn bá ń fi "ẹ" pè é, ta ni yóò wá láyà láti pè é ní "ìwọ"? Ó sì ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa bí mi, kò sí ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé wa tó ń sọ "ìwọ" sí Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé àyàfi Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà sì kú. Bí oníbàárà kan bá ṣèèṣì sọ ọ́, Mọ́mì á yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ mi." Gbólóhùn yẹn ni mo fi dàgbà.

Àbájáde rẹ̀ ni pé lójú Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé, "ìwọ" ti di ọ̀rọ̀ tí à ń sọ sí ọmọdé nìkan. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọ́n á wo ẹ̀gbẹ́, wọ́n á wo ẹ̀yìn, láti mọ ọmọ tí à ń bá sọ̀rọ̀. Nínú ilé wa, èmi ni wọ́n sáábà máa ń rí.

Oníbàárà kan ló sọ fún Mọ́mì pé kíláàsì kan wà ní Òkè-Ògbò ní àràárọ̀ Sátidé, níbi tí àwọn àgbàlagbà tí ọpọlọ wọn ń lọ́ra ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ó jọ Mọ́mì lójú pé àdúrà ti gbà. Ní gbogbo ọjọ́, Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé máa ń jókòó sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa to ìrépé aṣọ: búlúù pẹ̀lú búlúù, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa, ìlà gígùn láti ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ dé ẹnu ọ̀nà. Oníbàárà á wọlé, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á tún un tò. Yàtọ̀ sí sáà kan tí wọ́n fi lọ ilé ìwé, wọn kò tíì ní ibì kan tí wọ́n ń lọ rí láyé wọn. Ní àárọ̀ Sátidé yẹn nínú takisí, wọ́n sọ fún awakọ̀ pé, "Iṣẹ́ ni mò ń lọ."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ni awakọ̀ fèsì. "Irú iṣẹ́ wo ni?"

"Ti Sátidé ni," ni Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé wí, wọ́n sì yí ojú sí fèrèsé bí ẹni tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti sú.

Gbọ̀ngàn kékeré kan ni wọ́n ń lò. Pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń kí "àwọn ọmọ wa, akàndá ẹ̀dá" káàbọ̀. Obìnrin kan tó ti òkè òkun dé ló dá kíláàsì náà sílẹ̀. Màdáámù ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì, Ánkù Dáyọ̀, ló ń kọ́ wọn níṣẹ́. Irùngbọ̀n rẹ̀ ò ju fọ́nrán mélòó kan lọ. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé "ó" ni mo ń lò fún Màdáámù nínú ìtàn yìí, bẹ́ẹ̀ ó ju ìyá mi lọ. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ìfẹ́ ló fà á. Ẹ ó rí ibi tí mo ti kọ́ irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ láìpẹ́.

Lẹ́nu ọ̀nà, Ánkù Dáyọ̀ rí Mọ́mì, ó tẹ̀ ba, ó fi ìka kan ilẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú àbọ̀ mà." Bó ṣe gbé orí sókè, ó kọjú sí ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú Mọ́mì, ó la ojú ràngàndàn, ohùn rẹ̀ sì yí padà sí ohùn tí a fi ń rẹ ọmọ jòjòló lẹ́kún. "Káàárọ̀ o, ọmọ dáadáa! Kí lorúkọ rẹ?"

Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé wo ẹ̀yìn. Wọ́n rí mi. Wọ́n fi ìka gún mi léjìká.

"Wọ́n ń bi ọ́ lórúkọ," ni wọ́n wí.

Mo sọ orúkọ mi. Ánkù Dáyọ̀ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ wò ó bó ṣe ń tijú!" Kì í ṣe èmi ló ń wí. Nígbà tó wá kàn mí, Màdáámù wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ọmọdé kì í wọlé, pé mo lè dí àwọn ọmọ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ti ọmọdé síta, tí wọ́n sì kó àwọn bàbá àti ìyá jókòó sórí àga jẹ́lé-ó-sinmi.

Ojú fèrèsé ni mo ti rí ìyókù. Mo rí bàbá kan tó ti pá lórí, eékún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n lórí àga kékeré yẹn. Mo rí Àǹtí Ráṣídá, tó ju ìyá mi lọ, tí wọ́n fi híjáàbù aláwọ̀ ewé bo orí, tí wọ́n sì ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé pé, "Ṣé ẹ ra búrẹ́dì wá?" Wọ́n bi èmi náà láti ojú fèrèsé. Àwọn nìkan ni wọ́n fi "ẹ" pè mí ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ní láti kọ orin nípa fífọ eyín. Mo mọ orin náà. Mo ti fi í sílẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Iṣẹ́ ọnà wá dé. Bébà kan ni, pẹ́pẹ́yẹ kan wà lórí rẹ̀ tí ẹ̀rọ ti yà tán. Gbogbo ohun tó kù ni kí a fi ọ̀dà kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè. Sátidé tó tẹ̀ lé e, pẹ́pẹ́yẹ. Sátidé tó tẹ̀ lé ìyẹn, pẹ́pẹ́yẹ. Màdáámù ní àṣetúnṣe ni ọpọlọ ń fẹ́. Mo rò ó pé àwọn bébà pẹ́pẹ́yẹ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí Ánkù Dáyọ̀ bá sọ fún gbogbo kíláàsì pé "Ẹ dìde," Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé ló máa ń kọ́kọ́ dìde, gán-ún bí ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n bó bá dé ọ̀dọ̀ wọn nìkan, tó ní, "Mú búrọ́ọ̀ṣì," wọ́n á wo ẹ̀yìn. Ògiri ló wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n á ká ọwọ́ wọn sórí tábìlì, wọ́n á fi sùúrù dúró de ọmọ tí à ń pè. "Mú búrọ́ọ̀ṣì. Ìwọ, ọmọ dáadáa, ṣé o gbọ́? Mú un." Wọ́n á mi orí, àánú Ánkù Dáyọ̀ ń ṣe wọ́n.

Nílé, Mọ́mì á bi wọ́n bí iṣẹ́ ṣe lọ.

"Ó dára," ni wọ́n máa ń wí. "Ọmọ kan wà níbẹ̀. Kì í gbọ́ràn. Wọ́n á pè é, wọ́n á pè é, kò ní dáhùn."

"Ọmọ ta ni?"

"Mi ò mọ̀. Ó máa ń sá pamọ́."

A kò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí títí ọjọ́ tí Màdáámù pe Mọ́mì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní kí wọ́n má bínú. Ó ní ó jọ pé etí Kẹ́hìndé ní ìṣòro, tàbí kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kì í wọlé. Bí gbogbo kíláàsì bá dìde, ó máa ń wo ojú àwọn yòókù ṣe é ni, kò gbọ́ ohunkóhun fúnra rẹ̀. Àyè ò pọ̀, àwọn mìíràn ń dúró, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. "Ọmọ yẹn kì í gbọ́ràn, mà."

Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́mì. Mo rí ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára, mo rí ìgbà tí wọ́n rántí ọmọ tó ń sá pamọ́. Ẹ̀rín kọ́kọ́ fẹ́ gbà wọ́n. Lẹ́yìn náà, ojú wọn yí padà. Ohun tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín. Ẹni tó jí ní kùtùkùtù láti fi ìpara pa ara, tó ti sọ fún gbogbo awakọ̀ takisí Ifẹ̀ pé òun níṣẹ́, ni wọ́n fẹ́ dá padà sílé láti máa to ìrépé.

"Ọmọ wo?" ni Mọ́mì bi í.

"Kẹ́hìndé, mà."

"Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wa. Táíwò ni mí. Bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ, èmi náà ọmọ ni, àbúrò ọmọ sì ni mí." Wọ́n wọlé, wọ́n rìn kọjá àárín kíláàsì, wọ́n fa àga kékeré kan, wọ́n jókòó ti Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé. Àga náà ké. "Ẹ fún mi ní pẹ́pẹ́yẹ tèmi."

N kò tíì rí ẹni tí ọ̀rọ̀ dà rú mọ́ lójú bí Ánkù Dáyọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò lè pe aránṣọ tó wé gèlè ní ọmọ dáadáa. Ó wo Màdáámù, Màdáámù wo òrùlé. Ó gbé bébà síwájú Mọ́mì, ó fi ọwọ́ nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀. "Ẹ... ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì."

Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé mú búrọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ tì í bọ ọ̀dà."

Wọ́n tì í bọ ọ̀dà.

"Ẹ wá kùn ún."

Wọ́n kùn ún dúdú. Dúdú tó ń dán, ìyẹ́ dúdú, ìrù dúdú, wọ́n sì wá fi ọ̀dà pupa tọ́ ojú rẹ̀ yípo, bí ojú ẹni tí ata ta sí. Pẹ́pẹ́yẹ Ìyá Àgbà gan-an ni, ó kù díẹ̀ kó dún. Ánkù Dáyọ̀ rọra sọ fún Màdáámù pé kò mọ àwọ̀. Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé gbọ́. "Mo mọ pẹ́pẹ́yẹ," ni wọ́n wí, wọn kò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

Mọ́mì wí fún Màdáámù àti Ánkù Dáyọ̀ lójú ẹsẹ̀, níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dà lọ́wọ́: "Ẹ kàn máa fi 'ẹ' bá wọn sọ̀rọ̀ ni. Kò sí ohun mìíràn." Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Màdáámù rẹ́rìn-ín, ó ní rárá o mà, ìfẹ́ ni àwọn fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ níbí, "ẹ" máa ń mú kí ọ̀rọ̀ jìnnà, kì í jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a fẹ́ràn wọn. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ó ní ẹ̀mí ìbejì ni, pé ó ti kà nípa rẹ̀ lókè òkun, pé bí ẹbí bá jókòó tì wọ́n, ọpọlọ máa ń ṣí. Láti Sátidé tó ń bọ̀, kí ẹnìkan láti ilé máa wá jókòó ti Kẹ́hìndé.

Mọ́mì kò lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Bí èmi tí wọ́n ní mo lè dí àwọn ọmọ lọ́wọ́ ṣe di ọmọ kíláàsì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi dáadáa, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ràn wọ́n lọ́wọ́. Mi ò kun nǹkan kan. Mi ò di búrọ́ọ̀ṣì mú. Jíjókòó ni mo ń jókòó. Níwọ̀n ìgbà tí a jẹ́ méjì, Ánkù Dáyọ̀ lè sọ pé "Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì" láìsí pé ó bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó rò pé àwa méjèèjì ni òun ń bá wí. Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé mọ̀ pé àwọn nìkan ni. Inú gbogbo ènìyàn dùn, iṣẹ́ sì ń lọ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe láyé mi ni pé mo jókòó kí ẹnìkan lè di ẹni méjì, kí wọ́n lè fi ohùn tó tọ́ sí i bá a sọ̀rọ̀. Bí mo bá lọ tọ̀, iṣẹ́ á dúró. Bí mo bá padà, á tún bẹ̀rẹ̀. Màdáámù a máa pe àwọn ènìyàn wá wò mí. Ó ní mo ní ẹ̀bùn.

Mo sọ fún Ánkù Dáyọ̀ nígbà kan pé kì í ṣe ẹ̀bùn. Mo ní, "Ẹ máa fi 'ẹ' pe Bùrọ̀dá nìkan, ẹ ó rí i." Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ pa mí lórí. "Kí àwọn yòókù wá ní kí n máa fi 'ẹ' pe àwọn náà?" ó wí, bí ẹni tó ń sọ ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọkàn mi ń dà mí láàmú pé ó lè jọ pé mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo Ifẹ̀ tó ṣí ilẹ̀kùn fún Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé. Bí ẹ bá lè mú èrò méjèèjì mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi.

Ọjọ́ àlejò ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àwọn ènìyàn ńlá kan ń bọ̀ láti wo kíláàsì náà, bóyá wọ́n á ràn án lọ́wọ́. Màdáámù ti ra ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè fún gbogbo wọn, "Ọmọ Rere Ni Mí" sì wà ní àyà rẹ̀. Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé wọ tiwọn lé ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí Mọ́mì lọ̀, ó fún wọn bí àpò ìrọ̀rí. A so àwọn pẹ́pẹ́yẹ kọ́ sára okùn láti ògiri kan dé èkejì, ìyeyè, ìyeyè, ìyeyè, dúdú kan, ìyeyè. Màdáámù fẹ́ yọ dúdú náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àwọn àlejò ti dé. Ó wá rí mi lórí àga mi. "Dìde, lọ síta," ó wí. "Fọ́tò àwọn akàndá la fẹ́ yà." Mo wí pé Bùrọ̀dá kò ní dáhùn bí mi ò bá sí níbẹ̀. Ó ti yíjú kúrò. Mo padà sójú fèrèsé mi.

Àlejò àgbà, bàbá kan tí fìlà rẹ̀ le bí pákó, wọlé, Àǹtí Ráṣídá sì lọ pàdé rẹ̀. "Ṣé ẹ ra búrẹ́dì wá?" Kò rà á wá. Wọ́n kọ orin eyín. Wọ́n ya fọ́tò. Àlejò náà wá ń rìn lábẹ́ okùn, ó ń mi orí sí pẹ́pẹ́yẹ kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró lábẹ́ ti dúdú. Ó rẹ́rìn-ín gidi fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ta ló ṣe èyí?"

Ánkù Dáyọ̀ na ìka. Àlejò náà tẹ̀ síwájú Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé, ó la ojú, ó sì mú ohùn ìrẹ̀kún yẹn jáde. Mi ò mọ ibi tí gbogbo wọn ti ń kọ́ ọ. "Ọmọ dáadáa, kí ló dé tí tìrẹ fi dúdú? Sọ fún mi."

Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé wo ẹ̀gbẹ́ wọn, níbi tí mo máa ń jókòó sí. Àga mi ṣófo. Wọ́n wo ẹ̀yìn.

Màdáámù ló dúró sẹ́yìn wọn.

Mo rí i bí ojú wọn ṣe mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo oṣù yẹn, wọ́n ti rí ọmọ tó ń sá pamọ́. Wọn kò bínú sí i. Wọ́n tẹ̀ ba díẹ̀, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe níbẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ pa Màdáámù léjìká. "Ọmọ dáadáa," ni wọ́n wí, "ṣé o ò gbọ́ ni? Ìwọ ni wọ́n ń bi. Dáhùn, má bẹ̀rù."

Ẹ̀rín bú sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Àlejò àgbà rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. Àǹtí Ráṣídá rẹ́rìn-ín, bàbá apárí rẹ́rìn-ín. Màdáámù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró gán-ún, ọwọ́ Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé ṣì wà léjìká rẹ̀, ojú rẹ̀ sì pupa yípo bí ti pẹ́pẹ́yẹ ilé wa.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ánkù Dáyọ̀ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ó tẹ̀ ba fún Mọ́mì, ó ní Màdáámù ní kí a ṣì máa sinmi nílé ná, wọ́n á ránṣẹ́ sí wa. Ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ sí wa. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀ Sátidé, Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé ṣì ń fi ìpara pa ara, wọ́n ń béèrè ṣẹ́ẹ̀tì wọn. Nígbà tí Mọ́mì kò lè fara dà á mọ́, wọ́n lọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n sìn wọ́n jáde láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, a yí agbo ilé po, a kọjá lẹ́bàá kànga, a sì tún gba ẹnu ọ̀nà títì wọ ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ káàbọ̀ síbi iṣẹ́," ni Mọ́mì wí fún wọn. Wọ́n wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yípo bí ẹni tí kò débẹ̀ rí. Wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ìrépé.

Mo ti jáde ní yunifásítì báyìí. Iṣẹ́ ọnà ni mo kà, mo sì ti ṣe àgùnbánirọ̀. Mo ti wáṣẹ́ títí àyà mi fi ń já bí fóònù bá dún, bí kò bá sì dún, á tún já. Ẹnìkan wá sọ fún mi pé kíláàsì kan ní Òkè-Ògbò ń wá olùkọ́. Mo mọ̀ kí n tó débẹ̀. Wọ́n ti tún gbọ̀ngàn náà kùn, ṣùgbọ́n àwọn àga kékeré yẹn náà ni. Irun Màdáámù ti funfun. Kò mọ̀ mí mọ́. Ó yẹ ìwé ẹ̀rí mi wò, inú rẹ̀ dùn sí i, ó wá sọ òfin ilé náà fún mi: a kì í fi "ẹ" pè wọ́n níbí, ìfẹ́ ni a fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní kí n bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀, kí òun wo bí mo ṣe ń ṣe.

Àǹtí Ráṣídá ló na ìka sí. Híjáàbù náà ti ṣá. Mo kúnlẹ̀. Ara mi ló kúnlẹ̀, kì í ṣe ọpọlọ mi. "Ẹ káàárọ̀ mà," ni mo wí.

Màdáámù wúkọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó sọ òótọ́ fún Ánkù Dáyọ̀ láìbẹ̀rù ì bá ti mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Èmi tí mo ti gboyè ń wo ẹ̀gbẹ́, mò ń wo ẹ̀yìn. Ọkùnrin kan ń sùn lórí àga tó tẹ̀ lé ti Àǹtí Ráṣídá. Mo yára na ọwọ́ sí i. "Ẹ̀yin méjèèjì," ni mo fi kún un. "Mo ní ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin méjèèjì."

Màdáámù rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní iṣẹ́ náà ti di tèmi bí mo bá fẹ́ ẹ. Àǹtí Ráṣídá wo ọkùnrin tó ń sùn, wọ́n sì wá wò mí. "Ṣé ẹ ra búrẹ́dì wá?" ni wọ́n bi mí. Mi ò rà á wá.

Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo gbọ́dọ̀ fèsì. Mo ṣe àṣìṣe kan, mo sọ ọ́ nílé. Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé ti gbé ṣẹ́ẹ̀tì wọn fún Mọ́mì pé kí wọ́n lọ̀ ọ́, nítorí a jọ ń lọ síbi iṣẹ́ ní Sátidé. Mọ́mì kàn ń wò mí, abẹ́rẹ́ sì wà lẹ́nu wọn. Lánàá, Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé bi mí ní ìbéèrè kan.

"Ọmọ yẹn," ni wọ́n wí, "èyí tí kì í gbọ́ràn. Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá kọ iṣẹ́ náà, ẹlòmíràn á gbà á, á máa la ojú ràngàndàn sí Àǹtí Ráṣídá. Bí mo bá gbà á tí mo sì tẹ̀ lé òfin wọn, ojú wo ni n ó fi mú Bùrọ̀dá Kẹ́hìndé débẹ̀? Bí mo bá gbà á tí mo sì ń sọ "ẹ" ní gbangba, sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, láìwá ẹnì kejì, ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n á fi gbà mí láyè? Ẹ̀yin tí ẹ ti dojú kọ irú rẹ̀ rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mi ò mọ iye yín tí ẹ kà á débí. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ni yín, ẹ má wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin náà ni mò ń bi.